Fáìlì Tó Sùn Sílé Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ìyàwó mi kú ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù kejì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí n bá òun ti fèrèsé. Mo tì í, mo yíjú padà, ó ti lọ.

A ti sin ín. Àwọn tó wá kí mi ti lọ sílé wọn. Wọ́n ní kí n ṣe ọkàn gírí. Ọkàn mi gírí. Ó ti gírí jù, bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin.

N kò kàwé. Obìnrin tó ń gbé ní ìhà kejì ògiri mi ló ń kọ èyí. Ibi iṣẹ́ kan náà la ti fẹ̀yìn tì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ: òun atẹ̀wé, èmi ìránṣẹ́. Àwọn adájọ́ ló sọ ọ́ ní Ìka Òjò, torí tó bá ń tẹ̀wé, bí òjò lórí páànù ni. Ìka náà ti wọ́ báyìí, bíírò ló fi ń kọ̀wé. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Àkọ́bí mi obìnrin, ọ̀gá ilé-ìwé, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá kọ ohun tí mo bá ní í sọ, kó má bàa jẹ́ ògiri ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Mo ní ògiri kì í dá èèyàn lóhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìka Òjò ní òun náà kò ní í dá mi lóhùn.

Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Òní pé ọ̀sẹ̀ méjì. N kò ní nǹkan sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìka Òjò ní tí n kò bá lè sọ̀rọ̀ ikú, kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó dáa.

Àwọn èèyàn rò pé orí àga gíga yẹn ni adájọ́ ti ń dá ẹjọ́. Rárá. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu lọ́yà, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n sì dá a lẹ́kun tó bá ti ń sọ àsọtúnsọ. Yàrá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ gan-an wà. Tábìlì róbótó kan, àga márùn-ún, ìlẹ̀kùn tó nípọn. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé tì wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ tíì, ẹni tó dé kẹ́yìn sáàárín wọn ló ń dìde wá gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Odidi adájọ́, á máa gbé tíì bí ìyàwó tuntun.

Ẹni tó dé kẹ́yìn yẹn náà ló ń kọ́kọ́ sọ ibi tó dúró sí. Olórí wọn ló ń sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo bi Adúrókàwé nígbà kan pé kí ló dé. Adúrókàwé ni orúkọ tí àwa òṣìṣẹ́ sọ adájọ́ obìnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kì í lè jókòó pẹ́. Ó ní kí wọ́n kan tábìlì gíga kan fún òun, ìdúró ló fi ń kàwé lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní, "Ẹṣin, tí àgbà bá ṣáájú sọ̀rọ̀, orí ni àwọn tó kù á máa mì." Ẹṣin, èmi nìyẹn.

Tí gbogbo wọn bá ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á kà á: mẹ́ta sí méjì, mẹ́rin sí ẹyọ kan. Olórí á yan ẹnì kan nínú àwọn tó pọ̀ jù pé kó kọ ọ́. Ẹni tó bá rò pé ó ti parí níbẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni yẹn á kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Á fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ẹnì kan á dá a padà: yọ gbólóhùn yìí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ n kò bá ọ lọ. Ẹlòmíràn á ní òun fara mọ́ ibi tó dé, ṣùgbọ́n òun kò fara mọ́ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ẹni tí kò gbà rárá á kọ tirẹ̀. Ìwé á máa bá ìwé jà láìsí ariwo, wọ́n á sì máa kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Abẹ́ apá mi ni gbogbo ìjà náà ń gbà kọjá.

Torí pé n kò kàwé ni wọ́n ṣe yàn mí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi mọ̀wé díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló lé e lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mọ èyí tí mo gbé, ni Ìka Òjò bá lọ ra okùn. Okùn pupa — ìdájọ́ tí Olórí ní kí wọ́n kọ. Okùn àwọ̀ ewé — mo fara mọ́ ọn. Okùn dúdú — n kò fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí B ṣe ń mọ ibi tí ẹjọ́ ń lọ kí ìwé ìròyìn tó mọ̀. Gbogbo ọgbọ́n àwọn márààrún, kò sí ẹni tó ronú kan ìyẹn.

Mo ti rí okùn pupa tó ń pàdánù àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dúdú fi di pupa. Adájọ́ lè yí padà títí di ìgbà tí wọ́n bá kà á jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ, tí wọ́n so, tí wọ́n gbé fún mi, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń kà sí ọ̀rọ̀. Wọn kì í sọ ọ́ lórí tẹlifóònù.

Òfin tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: fáìlì kì í sùn. Ọjọ́ tí mo bá gbà á ni mo gbọ́dọ̀ fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Olórí máa ń fi mí yangàn lójú àlejò — fáìlì Ẹṣin kì í sùn.

Ó tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Àkọ́bí mi wá láàárọ̀ láti tú ẹrù ìyá rẹ̀. Ó mú ìwé dání, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé: bàtà mélòó, aṣọ òtútù mélòó. Ó rí ìwé tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ìwé ọmọdé, àwòrán ológbò lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti jókòó sílẹ̀ tó sunkún.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ìyá wọn nígbà tó lọ kọ́ ìwé, ní ilé-ìwé àwọn àgbàlagbà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ kọ lẹ́tà sí, ṣé ó ti rí ọkọ mìíràn ni. Ó ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ kà kí òun tó kú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.

Àkọ́bí fọwọ́ kan àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo ní aṣọ ni. Ó wò mí bó ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Aṣọ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbé ohun inú àpótí jáde, mo fi í sórí tábìlì. Ìka Òjò rí okùn. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Òun ló ra okùn yẹn, kò sí bí kò ṣe ní í dá a mọ̀. Ó ní ta ló ni ín. Mo ní Adúrókàwé. Ó ní Adúrókàwé ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí ló wá ń wá nílé mi.

Mo ní ẹ kọ̀wé, ìyá, ìwé lẹ wá kọ.

Ẹjọ́ náà nìyí. Ilé ìkẹ́rùsí kan jóná, ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ kú sínú rẹ̀. Ọlọ́pàá mú kápẹ́ńtà kan tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú adájọ́: kápẹ́ńtà jẹ́wọ́ pé òun ló fi iná sí i, ìka rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí. Kò sí nǹkan mìíràn. Kápẹ́ńtà kò kàwé. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìwé tí òun fi máa lọ sílé ni. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n gbére. Ilé ẹjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ó wá dé ọ̀dọ̀ wa.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, mẹ́ta sí méjì: kó wà níbi tó wà. Adúrókàwé wà nínú àwọn mẹ́ta. Èmi ni mo gbé tirẹ̀, okùn àwọ̀ ewé. Ìka Òjò ní òun rántí, òun lòun tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Wọ́n máa kà á ní Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́rú ni irú òní náà. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n kà á. Mo gbé tíì lọ fún Adúrókàwé, ó ní kí n dúró. Ó dúró ti tábìlì gíga rẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

Ó ní, "Ẹṣin, tí wọ́n bá gbé ìwé fún ẹ pé kí o tẹ ìka sí i, tí wọn ò kà á sí ẹ létí, ṣé wàá tẹ̀ ẹ́?"

Mo rò pé ó ń dán mi wò ni. Mo ní, "Olúwa mi, ó sinmi lé ẹni tó gbé e wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, màá tẹ̀ ẹ́, torí mo fọkàn tán yín. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni, màá tẹ̀ ẹ́ kí n lè lọ sílé."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí fèrèsé títí tíì fi tutù. Ó ní kí n máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó pè mí. Ìka Òjò wà ní ìsinmi, torí náà ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Okùn dúdú. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní kí n gbé e lọ sílé Olórí, kí n fi lé e lọ́wọ́ fúnra mi, lónìí. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè pé kí ló ń dà mí láàmú tí mo fi ń wo aago. Mo ní àyà ń dun ìyàwó mi láti àárọ̀. Ó tú okùn, ó kọ nǹkan sórí bébà kékeré kan, ó há a sínú fáìlì, ó tún un so. Mo rò pé nǹkan ẹjọ́ ló gbàgbé.

Mẹ́ta sí méjì ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi kà á. Ẹni tí kò kàwé mọ ìṣirò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú ọ̀nà ilé Olórí ni ilé mi wà. Mo ní kí n yọjú sí ìyá wọn ìṣẹ́jú kan péré. Mo bá a nílẹ̀ nílé ìdáná, omi ń hó lórí iná, ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo gbé e jáde. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi dúró de ọkọ̀ létí títì, orí rẹ̀ lórí itan mi, fáìlì nínú báàgì. Dókítà ní ìdajì ọkàn rẹ̀ ti kú sí títì yẹn. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Fáìlì sùn.

Wọ́n ka ìdájọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Adúrókàwé kò sí níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó fi fáìlì rán mi náà ni wọ́n gbé òun gan-an lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ka èyí tó kọ tẹ́lẹ̀, pé ó fara mọ́ ọn. Ó kú ní Ọjọ́ Ajé. N kò mọ̀ bóyá rédíò wà níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mo ti ń bi ara mi fún ọdún mọ́kànlá bóyá rédíò wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Ìyàwó ẹni wà nílẹ̀, kí èèyàn máa gbé ìwé kiri? Ká ní ilé Olórí ni mo kọ́kọ́ lọ ni, òkú rẹ̀ ni n bá bá. Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i. Kápẹ́ńtà lo ọdún mọ́kànlá. Ọ̀kan ni mo fi gba ọ̀kan là. Ẹni tó bá lè dá mi lẹ́bi, kó jáde.

Ìka Òjò gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní, "Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n kà á. Níbo lo wà ní agogo méje?"

Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Kó tó dìde, ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró bíírò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Fún ọjọ́ méjì Ìka Òjò kò wá. Mo kan ògiri. Ó kan tirẹ̀ padà. Nígbà tó yá ó wọlé, ó gbé tíì dání. Ó ní òun kò wá bẹ̀ mí o, bíírò òun tó wà lórí tábìlì lòun wá mú.

Bíírò náà wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Agogo méje ààbọ̀. Mo wà nílé ẹjọ́.

Mo kúrò nílé ìwòsàn ní agogo mẹ́fà, torí wọ́n ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Fáìlì wà nínú báàgì, mo fi tówẹ̀lì bò ó. Mo ń gun àtẹ̀gùn, Olórí sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, aṣọ adájọ́ rẹ̀ ní apá. Gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ka ìdájọ́ ló máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, kó lè dá a lójú pé kò sí ẹni tó ti yí padà. Ó bi mí.

"Ẹṣin, ṣé ẹnì kankan fi nǹkan rán ẹ sí mi?"

Mo ní, "Rárá, Olúwa mi."

Ó gbá mi léjìká. Ó ní, "Fáìlì Ẹṣin kì í sùn." Ó gòkè lọ.

Òun nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn. Ìyàwó mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo lè sọ pé Olúwa mi, ó sùn, òun nìyí, ìyàwó mi ló ṣubú. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òkúta. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. N kò ní nǹkan mìíràn. N kò ní ìwé ẹ̀rí, n kò ní ilé ńlá. Gbólóhùn yẹn ni mo ní.

Mo dúró sẹ́yìn ilé ẹjọ́, báàgì ní èjìká, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe kà á. Kápẹ́ńtà dúró. Ọ̀rọ̀ ńlá kò yé e, ojú lọ́yà rẹ̀ ló ń wò láti mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ojú lọ́yà wálẹ̀. Kápẹ́ńtà jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

Ìyá wọn rí fáìlì nínú báàgì nígbà tó padà sílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó ní kí n gbé e lọ. Mo ní ó ti pẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú àpótí tirẹ̀, torí ó mọ̀ pé màá jó o. Ọdọọdún tí ọjọ́ náà bá pé, á ní Bàbá Àkọ́bí, fáìlì yẹn ńkọ́? Láti ọdún kẹrin, kò béèrè mọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Inú mi dùn pé ó ti gbàgbé.

Ìka Òjò kọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè. Nígbà tó parí, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ó ku ìdajì okùn dúdú yẹn nínú dúrọ́ọ̀ òun.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Oṣù kan gééré. Ìka Òjò wọ bàtà, ó jáde láti àárọ̀, ó lọ wá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó padà dé lọ́sàn-án, ó jókòó kó tó bọ́ bàtà.

Kápẹ́ńtà wà láàyè. Àga ló ń kàn lẹ́wọ̀n. Wọ́n ní àga rẹ̀ kì í mì.

Ìdájọ́ tí wọ́n ti kà kò ṣe é kó padà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan wà tó ń gbé ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹ̀ wò lọ́dọọdún, bóyá wọ́n lè dá ẹnì kan sílẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó. Tí wọ́n bá rí ìwé tí adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọn kò ní í lè gbójú kúrò. Kìkì pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Olórí wà láàyè, ẹni ọgọ́rin ọdún, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Láàárọ̀, ó mọ gbogbo nǹkan. Tó bá di ọ̀sán, á máa bi ọmọ rẹ̀ léèrè orúkọ. Àárọ̀ rẹ̀ sì ń kúrú sí i.

Ìka Òjò ní ọlọ́pàá lè wá mú mi o. Mo ní kí wọ́n wá, kí wọ́n gbé ìwé wá kí n tẹ ìka sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

A tú okùn lónìí. Mo ní kó kà á sókè.

Ojú ìwé méje. Mo gbọ́ ohùn Adúrókàwé nínú ohùn Ìka Òjò, kò sí ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó wò mí, ó tún un kà. Mo ní kó kọ ọ́ síbí bó ṣe wà:

"Mo bi ọkùnrin kan tí kò kàwé, ẹni tí mo fọkàn tán ju ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé lọ, bóyá yóò tẹ ìka sí ìwé tí a kò kà sí i létí. Ó ní bí ọlọ́pàá bá gbé e wá, òun yóò tẹ̀ ẹ́ kí òun lè lọ sílé. Ìjẹ́wọ́ tí ènìyàn ṣe nítorí kí ó lè lọ sílé kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Mo ti fara mọ́ ìdájọ́ yìí tẹ́lẹ̀. N kò fara mọ́ ọn mọ́."

Èmi. Ẹnu mi ló yí i padà, ọwọ́ mi ló dá a dúró.

Ìka Òjò ní ìlà pẹ́ńsù wà lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé ṣe ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkeje. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ìyá wọn lọ kọ́ ìwé fún.

Lẹ́yìn náà bébà kékeré yẹn jábọ́. Ìka Òjò kà á sínú. Kò fẹ́ kà á síta. Mo ní ìyá, mo bẹ yín.

"Olórí, ẹni tó gbé èyí wá kò ní í sọ fún yín, ṣùgbọ́n àyà ń dun ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín fi ọkọ̀ gbé e lọ bá a ní kíá, kí wọ́n sì gbé ìyàwó náà lọ sọ́dọ̀ dókítà yín."

Ogún ìṣẹ́jú ni ilé Olórí sí ilé mi. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la lò létí títì.

N kò fi ọ̀kan gba ọ̀kan là.

Mo bi Ìka Òjò bóyá ìlà pẹ́ńsù wà lábẹ́ èyí náà. Ó ní ó wà, títí dé "ìyàwó rẹ̀". Lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí ìlà mọ́.

Ọdún kẹrin. Ìgbà náà ló kà á. Ìgbà náà ni kò béèrè mọ́. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń sá aṣọ mi sóòrùn, ó mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

N kò dìde.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àkọ́bí mi ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ìka Òjò ní ó máa gbé pàṣán wá. Mo ní kó gbé e wá.

N kò ní í lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, torí náà ibí ni màá ti sọ ọ́.

Àkọ́bí mi, mo purọ́ fún ẹ nípa àpótí yẹn. Aṣọ kọ́. O máa ń sọ fún àwọn àbúrò rẹ pé ìfẹ́ ni mo fi gbé ìyá yín dé ilé ìwòsàn. Ka èyí kí o tó tún sọ bẹ́ẹ̀. Tí o bá kà á tán tí o kò bá fẹ́ kí mi, máa lọ, mi ò ní í bínú. Ṣùgbọ́n gbé ohun tó wà lórí tábìlì dání.

Fáìlì náà nìyí, okùn dúdú, ojú ìwé méje. Bébà kékeré yẹn wà níbẹ̀, mi ò yọ ọ́. Ìka Òjò ti kọ àdírẹ́sì Olórí sẹ́yìn fáìlì. Àárọ̀ ni kí o lọ, kó tó di ọ̀sán. Bi í pé ọwọ́ ta ni èyí. Tó bá béèrè ẹni tó rán ẹ, sọ pé Ẹṣin ni, sọ pé ó sùn. Láti ibẹ̀, máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn, ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ń kan àga. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, kí n má tún purọ́: nígbà tó gbé mi pàápàá, mi ò lọ.

Ìka Òjò ti ka gbogbo ìwé yìí sí mi létí láàárọ̀ yìí, láti ọjọ́ kẹrin títí dé ibí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun kò ní í jẹ́ kí n tẹ ìka sí ohun tí wọn kò kà fún mi. Ó yé mi. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo tẹ ìka mi sísàlẹ̀ rẹ̀.

Gbà á. Má jẹ́ kó sùn sílé rẹ.